Ṣílè Tí Ilẹ̀ Kọ̀

Ẹ jókòó dáadáa o! Ẹni tí ó ní àga kó jókòó sórí àga, ẹni tí kò ní kó fi ìdí lé gbòǹgbò igi, ẹni tí ìdí rẹ̀ kò gba ìjókòó kó dúró gbọnrangandan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí gbogbo yín yá mi létí yín méjèèjì, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi etí kan gbọ́. Èmi Ọdẹ́sànyà ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí lẹ́bàá odò tí ó gbàgbé òùngbẹ, èmi tí ẹkùn rí tí ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wọ́n ń wá òun nílé. Ṣé ẹ rí eyín iwájú mi tí ó kán yìí? Àwọn kan nínú yín ń sọ ọ́ káàkiri pé eegun ẹran ni mo fi kán an. Irọ́ ni! Iṣu ni mo fi kán an, ẹ ó sì gbọ́ irú iṣu tí ó jẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin tí ó ti di olóògbé, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ réluwéè títí irun rẹ̀ fi funfun, ló bí Fọyèkẹ́. Nígbà tí ó kú, ìkòkò kan ló fi sílẹ̀ fún ọmọ yìí, ìkòkò tí wọ́n hú jáde láti inú ilẹ̀, tí ó kún fún ṣílè fàdákà àtijọ́ tí a ń ná kí náírà tó dé. Wọ́n ti pẹ́ nínú ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi kùn wọ́n. Ẹ̀yin ará mi, ẹ kò tíì rí àwọ̀! Etí wọn dúdú bí aró, bí ó ti ń bọ̀ wá sínú, ó ń di elésè àlùkò, láti ibẹ̀ ó ń pọ́n bí ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àárín rẹ̀ sì ń tàn bí epo ọkọ̀ tí ó dà sórí omi òjò. Fọyèkẹ́ ya fọ́tò wọn, ó gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí wọn bí ajá ṣe ń jà sí eegun. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ná an. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́, àwọ̀ tí ó jẹ́ pé ọdún gbọọrọ ló ń kùn ún sára fàdákà.

Ìkòkò tán. Àwọn oníbàárà kò tán. Gbádébọ̀, ọkọ Fọyèkẹ́, ọmọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju bí ó ṣe yẹ lọ, wá ra ṣílè mìíràn tí kò ní àwọ̀ kankan. Ó fi imí ọjọ́ ra wọ́n lára, ó gbé wọn sórí iná, nígbà tí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀, wọ́n ti ń dán bí òṣùmàrè. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Wọ́n ń tà wọ́n bí wọ́n ṣe ta ti inú ìkòkò, àwọn ènìyàn ń rà wọ́n, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Nínú àwọn tí ó rà á ni Ọba Agbọ́tilẹ̀ wà, ọba Ìlú Ilẹ̀gbọ́, ìlú iwin tí ó wà lẹ́yìn Igbó Àwòdijú. Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? O rò pé iwin kò mọ fóònù lò? Ìwọ tí o jókòó sẹ́yìn yẹn, ta lo rò pé ó ń pè ọ́ tí kì í fọhùn bí o bá ti gbé e?

Ìyá ọba yìí kú. Àṣà wọn ni pé bí ènìyàn bá kú ní Ilẹ̀gbọ́, wọn a fi ohun kan tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kùn sí i ní àtẹ́lẹwọ́, kí ilẹ̀ lè dá a mọ̀ ní tirẹ̀, kí ó sì gbà á wọlé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti tán ní ìlú wọn, òkú ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọba fi ń wá a kiri lórí fóònù. Ó rí ṣílè Gbádébọ̀, ó rà á, ó fi sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé òkú wọ sàréè, ilẹ̀ tu ú síta. Wọ́n tún gbé e wọlé, ilẹ̀ tún tu ú síta bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń tu àgbo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Gbádébọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń koná mọ́ ṣílè, ni ilẹ̀ bá là pẹrẹgẹdẹ, ọwọ́ kan tí ó pupa bí amọ̀ yọ jáde, ó gbá a lọ́rùn ẹsẹ̀ mú. Ohùn kan bú jáde lábẹ́ ilẹ̀: "Ilẹ̀ kọ ìyá mi! Ẹni tí ó ta irọ́ fún mi ni yóò wá dúró sí ibi tí ìyá mi kò lè wọ̀!" Kí Fọyèkẹ́ tó figbe ta, fìlà Gbádébọ̀ nìkan ló kù lórí ilẹ̀.

Fọyèkẹ́ sáré tọ̀ mí wá, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, ìró rẹ̀ ń tú.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Ilẹ̀ ti gbé ọkọ mi!"

"Ilẹ̀ kì í dédé gbé ènìyàn," ni mo wí fún un. "Kí ni Gbádébọ̀ ṣe?"

"Ó kun owó, Bàbá. Ó kùn ún, a sì tà á."

"Ṣé ẹ sọ fún ẹni tí ó rà á pé ẹ kùn ún ni?"

Ó wolẹ̀. N kò tún bi í mọ́, nítorí bí ilé bá ń jó, a kì í béèrè ẹni tí ó dá iná kí á tó pọn omi. Mo wọ gbérí ọdẹ mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ní kí ó dúró dè mí nílé. Ó ní bí òun bá dúró, òun kì í ṣe ọmọ bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára èmi àti bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé àríyànjiyàn kò wúlò. Ohùn abẹ́ ilẹ̀ tí Fọyèkẹ́ ròyìn ti jẹ́ kí n mọ̀ pé Ilẹ̀gbọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Ni a bá jáde.

Hàà, Igbó Àwòdijú! Ewé ibẹ̀ ń kọ mànà bí dígí, igi ibẹ̀ ń mí èémí, ẹyẹ ibẹ̀ ń pe ènìyàn lórúkọ ìyá rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà igbó náà ni ẹ̀dá kan jókòó sí. Ara rẹ̀ dà bí òkìtì ọ̀gán, ojú yí i ká láti orí dé ìdí, kò ní ẹnu, láti inú ikùn ló ti ń sọ̀rọ̀. Abéèrè-Má-Sùn ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kò ní kọjá," ni ikùn rẹ̀ wí, "àfi bí ẹ bá dáhùn ìbéèrè mi."

Èmi, kí n dá iwin lóhùn? Mo yin ìbọn lù ú. Ó fi ọwọ́ hán ọta náà lókèlókè, ó jẹ wọ́n bí ẹ̀pà. Mo pe ọfọ̀ baba ńlá mi. Ó tẹ́tí sí i títí ó fi parí, ó ní mo ṣì í níbì kan, ó sì bá mi tún un ṣe! Ẹ̀yin ará, ojú tì mí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

"Ó yá, béèrè," ni mo wí.

"Kí ni ń pa irọ́ láìla ẹnu?"

"Òjìji!" ni mo fi ìgboyà dáhùn.

Ìbọn èjìká mi di ìrèké.

"Àlá ni!"

Fìlà orí mi wúwo bí odó, ọrùn mi rì wọ inú àyà. Mo fẹ́ dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ẹ mọ̀ pé èmi kì í tètè gbà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Fọyèkẹ́ di ọwọ́ mi mú.

"Ọlọ́jà ni," ó wí. "Ọlọ́jà tí ó rí i pé ẹni tí ń rajà ti ṣì í mú, tí ó sì dákẹ́."

Gbogbo ojú ara Abéèrè-Má-Sùn dijú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ikùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀nà sì là. Ìbọn mi padà di ìbọn, fìlà mi padà di fìlà. Mo wo ọmọ àbúrò mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló tíì sọ fún mi.

Bí a ti la igbó náà já, a wọ Ìlú Akunra. Ìlú yìí lẹ́wà! Ògiri ibẹ̀ ń dán, ewúrẹ́ ibẹ̀ pupa fòò, gbogbo ènìyàn ibẹ̀ dà bí ọmọge àti géńdé. Baálẹ̀ wọn jáde wá pàdé wa, ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ojú ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ebi ń pa mí. Ó gbé iṣu sísun síwájú mi, iṣu tí ara rẹ̀ pọ́n yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́, tí epo ń ṣàn lórí rẹ̀. Mo ní ta ni yóò rí èyí tí kò ní jẹ ẹ́? Mo fi gbogbo agbára bù ú jẹ. Káù! Òkúta ni! Òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà kùn! Eyín mi fò jáde, ó bọ́ sẹ́sẹ̀ Baálẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni Baálẹ̀ wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Gidi ni mo rò pé ó jẹ́. A kì í mọ̀ ọ́n mọ́."

Ó jókòó tì wá, ó ní ní àtijọ́, ọkùnrin kan ṣoṣo ní ìlú náà ló kọ́kọ́ kun iṣu kan ṣoṣo. Iṣu náà dára lójú, ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Ẹlòmíràn kun àgbàdo, ẹlòmíràn kun ewúrẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó yá, ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kun ara rẹ̀. Ní báyìí, ebi ń pa wọ́n níwájú oúnjẹ, nítorí kò sí ẹni tí ó lè gboyà bu nǹkan jẹ.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù, obìnrin kan ni. Ó jókòó sábẹ́ odán, ó gbé ọmọrí odó tí wọ́n kun ojú àti imú sí lára mọ́ àyà, ó ń fún un lọ́mú, ó ń kọrin fún un. Ọmọ rẹ̀ gan-an wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Fọyèkẹ́ gbé ọmọ náà, ó nu eruku ojú rẹ̀, ó nà án sí ìyá rẹ̀. Obìnrin náà wo ọmọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹni tí ó ṣe èyí mọṣẹ́ o," ó wí. "Ó mà ń ké bí ọmọ gidi."

Fọyèkẹ́ pariwo bí ẹni tí wọ́n gún. Ó já ọmọrí odó gbà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sọ ọ́ nù, ó sì ki ọmọ náà mọ́ ọn láyà. Ọmọ gbá ọmú mú. Ojú obìnrin náà yí padà. Ó di ọmọ náà mú pinpin.

Ibi tí a ti ń wò wọ́n ni àwọn ará Akunra ti gbé ike ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n yí wa ká. Wọ́n ní àlejò kì í wọ ìlú àwọn kí ó lọ bí ó ṣe wá. Wọ́n fẹ́ kun irùngbọ̀n mi ní àwọ̀ ewé! Irùngbọ̀n èmi Ọdẹ́sànyà! Mo gbójú sókè, mo rí i pé kò sí òrùlé kan tí wọn kò bò ní àbòtúnbò ní ìlú náà, mo sì mọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọgbọ́n ọdẹ ju agbára ẹran lọ. Mo na ìbọn sí ojú ọ̀run, mo yìn ín. Gbòlà!

"Òjò! Òjò ń bọ̀! Àrá ti sán!"

Ẹ bá wa wá wo eré! Baálẹ̀ ju ọ̀pá nù, ó ṣáájú gbogbo wọn. Ọkùnrin wọ inú agbọ̀n adìẹ, obìnrin fi ìkòkò bo orí. Èmi àti Fọyèkẹ́ kò dúró kí a dágbére, a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹ̀rín ń pa mí, eyín ń dùn mí.

Bí a ṣe dé Ìlú Ilẹ̀gbọ́, ẹ̀rín tán. Ìlú yìí dákẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, bí o bá sọ̀rọ̀, o ó mọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ pé ó ń tẹ́tí sí ọ. Ní ojúde ọba, ìyá ọba wà lórí ẹní lábẹ́ ibòji, kò rà, kò rùn, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún un. Sàréè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Gbádébọ̀ dúró níwájú rẹ̀, ara rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Nígbà tí ó rí aya rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ẹ̀rù sì bà á.

Ọba Agbọ́tilẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, ara rẹ̀ pupa bí amọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wú bí ojú ọmọ tí ó ti sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọdẹ gbọ́n ju kí ó gbéraga níwájú ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀.

"Ìwọ ọmọ ènìyàn," ni ọba wí fún Gbádébọ̀, "sọ tẹnu rẹ."

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí," ni Gbádébọ̀ wí. "Ẹ rí àwọ̀ náà, ó wù yín, ẹ rà á. Fàdákà gidi ni fàdákà rẹ̀. Ṣílè gidi ni ṣílè rẹ̀. Àwọ̀ náà sì dára. Kí ni mo wá jí?"

Ọba wo ìyá rẹ̀ lórí ẹní. "Bí ó bá ṣe pé àwọ̀ ni mo fẹ́," ó wí, "mo ní ọ̀dà nílé. Ọdún ni mo rà. Mo ra ìgbà tí ó fi dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn tí kò sí ẹni tí ń wò ó. Ọ̀sán kan péré lẹ tà fún mi."

Gbádébọ̀ tẹ orí ba.

"Ta ló wá sọ fún mi," ni ọba béèrè, "pé ilẹ̀ ló kùn ún, pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án?"

Gbádébọ̀ wo Fọyèkẹ́, ó yára gbójú kúrò. "Èmi ni, Kábíyèsí."

Ilẹ̀ mì tìtì. Ó là lábẹ́ Gbádébọ̀, ó gbé e mì dé orúnkún.

"Mo tún bi ọ́."

"Èmi ni!"

Ó rì dé ìbàdí. Ẹ̀yin ará mi, ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Èmi fi ojú mi rí i! Mo sáré lọ, mo di apá rẹ̀ mú, mo ń fà á, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ìrókò tu ni.

"Gbádébọ̀, sọ òtítọ́!" ni mo kígbe.

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀," ó wí. Ó gbójú sókè sí ọba. "Èmi nìkan ni. Ìyàwó mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ilẹ̀ bo àyà rẹ̀, ó ń lọ sọ́rùn.

"Ó tó!" Fọyèkẹ́ fò síwájú, ó wólẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ọwọ́ rẹ̀ ló kùn ún, ẹnu mi ló tà á! Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ ló kùn ún. Ó ní kí n má kọ ọ́, ó ní kí n kàn gbé fọ́tò síbẹ̀ kí n dákẹ́. Mo ní bí a bá dákẹ́, wọn ó bi wá. Ó ń purọ́ báyìí nítorí mi. Ẹ má jẹ́ kí ó kú sínú irọ́ tèmi!"

Ilẹ̀ sún, ó sì ti Gbádébọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ bí iṣu tí a wà, títí ó fi ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni ọba wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n òtítọ́ yín kò tíì sin ìyá mi."

Fọyèkẹ́ nu ojú rẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀."

Ọba mi orí, ó gbà. Fọyèkẹ́ rákò lọ síbi ẹní, ó di ọwọ́ ìyá àgbà náà mú, ọwọ́ tí ṣílè wà nínú rẹ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí ọmọ ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

"Màmá, ẹ dáríjì mí. Ṣílè ọwọ́ yín yìí, iná ló kùn ún. Imí ọjọ́ ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ṣe é, kò pẹ́ ju ọ̀sán kan lọ. Mo sọ fún ọmọ yín pé ilẹ̀ ló kùn ún, irọ́ ni mo pa. N kò ní òmíràn tí mo lè fún yín. Ohun tí ó jẹ́ nìyí. N kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀."

Kò sí nǹkan tí ó ṣẹlẹ̀. Mo ti na ìbọn mi sí ilẹ̀ gan-an, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí, mo na ìbọn sí ilẹ̀ ayé, mo ní bí ó bá fọwọ́ kan ọmọ yìí, a ó jọ kú ni! Ni mo bá rí i tí sàréè náà ṣí. Kò bú, kò mì. Ó ṣí jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tipẹ́. Ẹní ìyá ọba yọ́ wọ inú rẹ̀ tòun ti ṣílè ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì padé lé e lórí, kò tu ú síta mọ́.

Hòò! Ariwo tí ó sọ ní ìlú náà! Àwọn iwin ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń dì mọ́ mi, mo ń jó, mo ń yìnbọn sókè. Ọba nìkan ló kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ lé ilẹ̀ náà, ó ń sunkún bí ẹni tí a tú sílẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó wo tọkọtaya náà.

"Ṣé èmi nìkan lẹ tà á fún?"

"Rárá, Kábíyèsí," ni Gbádébọ̀ wí. "Wọ́n pọ̀."

"Àwọn yòókù kò ní ọwọ́ amọ̀ tí wọ́n lè nà mú yín. Ẹ lọ bá wọn."

Ìyẹn le ju igbó iwin lọ, ẹ gbà mí gbọ́. Nígbà tí a délé, Fọyèkẹ́ jókòó ti fóònù rẹ̀, ó ń kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún wọn pé ọwọ́ ọkọ òun ló kun ohun tí wọ́n rà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá a padà máa dá a padà. Ẹlòmíràn pè é lólè. Ẹlòmíràn bú ìran bàbá rẹ̀, ó sì kàn mí níbẹ̀! Gbádébọ̀ ta alùpùpù rẹ̀ kí wọ́n lè dá owó padà fún wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Títí di òní, ó ṣì ń kun ṣílè, ó ń lu wọ́n ní ihò, ó ń fi wọ́n ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé iná ló kùn ún. Owó rẹ̀ kò tó ti àtijọ́. Oorun wọn ju ti àtijọ́ lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan wà ní Ìkìrun, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì, ẹni tí ó rà ju gbogbo wọn lọ. Òun nìkan ni kò fèsì. Fọyèkẹ́ ń wo fóònù ní àárọ̀, ó ń wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Mo wà nílé wọn ní ọ̀sán tí èsì náà dé, mo ń jẹ ẹ̀bà, ìyẹn kò gba eyín. Fọyèkẹ́ kà á sókè fún wa:

"Ọmọ mi, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti dé ọwọ́ mi. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè kí ẹ sọ ọ́."

Fọyèkẹ́ gbé fóònù lé itan, ó bú sẹ́kún. Gbádébọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi Ọdẹ́sànyà, tí mo ti na ìbọn sí ilẹ̀ ayé, tí n kò gbọ̀n, òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹni tí ó bá sún mọ́ àmù jù kó bu omi wá fún mi.